Àáké Bàbá Sàláwù àti Àwòrán Òṣùpá

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹnì kan ń gbé inú òṣùpá, gbogbo wa la sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí wọ́n bí nígbà tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ò ní í bi mí pé ta ni. Igi ló ń là. Ó la igi lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tó wà láyé, Ọlọ́run bínú sí i, ó gbé e tòun ti àáké sínú òṣùpá, ó ní kó máa là á lọ títí ayé. Bí òṣùpá bá ti yọ roboto, a ó tẹ́ ẹní síwájú ilé, a ó máa na ìka sí i. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ wo apá rẹ̀ tó gbé sókè, ẹ wo ìtì igi nílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i, a ó ní ojú rẹ̀ ti ń fọ́, a ó sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí yóò fi ní òun náà ti rí i.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Àwọn òbí mi ní mo ti ń ya ìpátá, kí wọ́n tètè mú mi lọ fún Ìyá Àgbà kó bá wọn tọ́ mi. Ẹlẹ́kọ ni Ìyá Àgbà, ilé wa kò sì jìnnà sí Ọjà Igbó. Iṣẹ́ ń bẹ nílé ẹlẹ́kọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èmi ni mo ń fọ ewé eéran, èmi ni mo ń bá wọn sẹ́ ògì, omi ògì á máa ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi, tí mo bá sì dé ilé ìwé, ẹni tó jókòó tì mí á máa yínmú. Èrè mi kò ju èyí tó bá jó mọ́ ìdí ìkòkò lọ. Mo máa ń fi ṣíbí ha á, tó gbóná, tó ní òórùn èéfín díẹ̀, mo sì máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé kí ẹlòmíràn tó rí mi.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Ìyá Àgbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sí iná, kò sí ògì, kò sí ìgbálẹ̀. Oúnjẹ tí a sè lọ́jọ́ Sátidé la ó jẹ ní tútù. Á wọ sùtánà rẹ̀ funfun gbòò, èmi náà á wọ tèmi, àwa méjèèjì á sì forí lé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, nítorí wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ mímọ́. Bí ilẹ̀ bá gbóná tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, á wò mí láti igun ojú, á ní kí n máa rìn bí ènìyàn.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ti Bàbá Sàláwù. Bàbá Sàláwù yìí, igi ìdáná ló ń là tà, òun gan-an ni Ìyá Àgbà sì ń ra igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń já ìtì igi ayín sílẹ̀ fún un láti apá Ìkòyí-Ilé, òun á bọ́ ẹ̀wù, á tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kì í fọwọ́ kan àáké, á wẹ̀, á wọ ẹ̀wù tó ti lọ̀, á lọ kírun. Lọ́jọ́ Ìsinmi tiwa ẹ̀wẹ̀, bí a bá ti ń jáde nílé báyìí la ó máa gbọ́ ọ, gbì, gbì, gbì. Ìyá Àgbà á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Sàláwù, ọjọ́ Olúwa mà rèé.”

“Ẹ kú ìsinmi o, Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ bá mi gbàdúrà kí apá má ro mí.”

“Ibi tí wọ́n máa gbé ọ lọ, wọn kì í ro apá níbẹ̀. Wàá kàn máa là á lọ ni.”

Á bú sẹ́rìn-ín, á gbé àáké sókè. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tó sú wọn. Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan pé ṣebí igi tí Bàbá Sàláwù là lọ́jọ́ Ìsinmi náà la fi ń se ẹ̀kọ lọ́jọ́ Ajé. Ìfọ́tí tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò fi ṣeré rárá. Mo fẹ́ràn bàbá náà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan mi lọ. Òun ló gbẹ́ ọmọláńgidi tí mo ń pọ̀n, ó gbẹ́ imú rẹ̀ ní ńlá, ó ní imú mi lòun wò. Òun ló máa ń fi èérún igi dáná kékeré fún wa láti sun kàṣú, tí epo kàṣú á máa ta pàrà, tí a ó fi ètè dúdú wọlé. Tí wọ́n bá wá gbé e lọ sínú òṣùpá ńkọ́? Mo máa ń wo òṣùpá náà dáadáa bóyá àyè tó kù níbẹ̀ á gba ẹnì kejì, ó sì máa ń dà bíi pé ó gbà á.

Mo sọ fún Ràfíátù. Ọmọ ọmọ Bàbá Sàláwù ni, ọ̀rẹ́ mi ni, kíláàsì kan náà la sì wà. Ó ní wọn ò sọ irú rẹ̀ fún àwọn nílé kéú, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí òun ti fojú ara òun rí ẹni tó ń la igi lókè, òun ò lè sọ pé irọ́ ni. A gbìmọ̀ pọ̀. A ní bí kò bá sí àáké, kò ní í lè la igi, bí kò bá sì la igi, wọn ò ní í rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí bàbá ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, Ràfíátù gbé àáké náà mọ́yà, mo gbà á lórí ògiri, ó wúwo débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí ṣubú, mo sì tì í bọ abẹ́ òkìtì ewé eéran Ìyá Àgbà. A ti rò ó wò. Kò sí ibòmíràn tó dára tó ibẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ewé lọ́jọ́ Ìsinmi nílé wa.

Ọjọ́ kejì, a jáde nílé, a ò gbọ́ gbì kankan. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Sàláwù, ó na etí, ó mi orí, ojú rẹ̀ sì ń tàn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́rìí dìde, Ìyá Àgbà lọ síwájú. Ó ní aládùúgbò òun kan wà tí òun ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọkàn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n lónìí, Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọ. Wọ́n hó yèè, wọ́n kọ orin lé e, wọ́n jó. Èmi náà jó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, Ìyá Àgbà fa ewé láti fi pọ́n ẹ̀kọ. Àáké yọ jáde láàárín ewé, ó dún gangan lórí ilẹ̀. Bàbá Sàláwù ń wá àáké rẹ̀ kiri ní ẹ̀yìn ògiri nígbà náà, ó gbọ́ ohùn irin rẹ̀ bí ìyá ti í gbọ́ ohùn ọmọ. Ó yọ orí sókè.

“Háà, Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀yin náà ni.”

Ìyá Àgbà wo àáké, ó wo Bàbá Sàláwù, ó ní kò yé òun, ó ní òun tiẹ̀ ti jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ló wá rọra yí ojú padà sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà yẹn, ẹ mọ irú yíyí ojú bẹ́ẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wọ́n kó èmi àti Ràfíátù jọ. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi àáké ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ikun nímú, pé a ò fẹ́ kí wọ́n gbé Bàbá Sàláwù sínú òṣùpá ni. Bàbá Sàláwù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, ó lọ jókòó sórí ìtì igi, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti jẹ́rìí tán, wọ́n ti jó sí i, kò sì mọ bí wọ́n ti í gba ẹ̀rí padà. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú oòrùn. Ràfíátù náà kúnlẹ̀ lódìkejì ògiri, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ gba ojú ihò kékeré kan tí aláǹgbá ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tán nílé tí ariwo mìíràn fi gba ìlú. A ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu asọ̀rọ̀mágbèsì pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ sínú òṣùpá, àwọn àgbà kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní kí ló kù tí òyìnbó ò ní í ṣe. Ní báyìí wọ́n ní àwọn àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀ ń bọ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú òkúta kan tí wọ́n ṣà bọ̀. Gbogbo ilé ìwé ni yóò lọ wò ó. Ẹlòmíràn ń ronú òkúta. Èmi, ẹni tó ń la igi ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fún un lóúnjẹ, bóyá ó ní ibi tó ń sùn sí, kí n lè mọ ohun tó ń dúró de Bàbá Sàláwù.

Wọ́n tò wá ní méjì méjì, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan, pàṣán yóò fọwọ́ kàn án. Gbọ̀ngàn náà gbóná, òórùn òógùn àti ti ìpara pọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ kan kọ́ bí ẹni tó sanra tí kò ní orí, wọ́n ní irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ ni. Wọ́n fi oúnjẹ gbígbẹ hàn wá tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, wọ́n ní wọ́n á bu omi sí i kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ràfíátù fi ẹnu sí mi létí, ó ní gàrí ni. Òkúta náà wà nínú gíláàsì, kékeré, ó dúdú, kò sì jọ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sí ibì kankan.

Mo wo àwòrán kìíní dé ti ìkẹyìn. Ilẹ̀ bí eérú ààrò, ipa bàtà gbàgẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀run tó dúdú bí ìdí ìkòkò ẹ̀kọ. N kò rí igi. N kò rí ẹni tó ń là á. Mo padà, mo tún un wò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó ń la igi dà?”

Gbọ̀ngàn gba ẹ̀rín. Tíṣà mi wò mí, mo mọ̀ pé pàṣán ti di tèmi. Ṣùgbọ́n akọ̀wé náà fara balẹ̀, ó ní àwọn tó lọ kò bá a nílé. Ó ní òkè àti àfonífojì la máa ń rí láti ìsàlẹ̀ tó ń jọ ènìyàn. Ó wá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi kan ni wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi òòlù lu irin wọlẹ̀, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà. Èmi àti Ràfíátù wo ojú ara wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú òṣùpá fúnra rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ tó tó báyìí, Ọlọ́run sì tún fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ.

Eré ni mo sá délé. Mo bá Ìyá Àgbà nídìí ìkòkò, mo rò fún un láì mí. Ó ń ro ògì, kò gbé ojú sókè.

“Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ibo ni wọ́n bá ara wọn?”

“Inú òṣùpá, mà.”

“Ẹn-ẹ́n. Kí ni mo ti ń sọ látọjọ́ yìí?”

Mo ní wọ́n ti padà délé, mà. Ó ní ṣé wọ́n ti kú ni? Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n kú ná, kí n wá wo ibi tí wọ́n máa kó wọn lọ. Ẹ wo mí bí mo ti dúró síbẹ̀. Mo rò pé mo mú ìhìn rere wálé, àṣé ìgbà tí Bàbá Sàláwù bá kú gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń dúró dè. Mi ò lè ha ìdí ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn fún àwọn àgbà. Bàbá Sàláwù ní òun fẹ́ lọ wò ó, ó ní gbogbo ọdún làwọn ń yọ ọrùn wá oṣù ààwẹ̀, ó yẹ kí òun rí ojú rẹ̀ nítòsí. Ìyá Àgbà ní òun náà ń lọ, ó wọ sùtánà, ó ní ọ̀rọ̀ òkè ọ̀run kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìró àti bùbá lọ wò. Mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé iwájú àwòrán ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun nínú òṣùpá, ó dúró pẹ́. Mo rò pé yóò ní òun rí ẹni tó ń la igi.

“Aláṣọ funfun ni,” ó ní. Ojú rẹ̀ wá sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. “Ta ló ní kó wọ bàtà débẹ̀?”

Akọ̀wé náà fẹ́ ṣàlàyé, ó wo ojú Ìyá Àgbà, ó bọ́ sídìí òkúta. Bàbá Sàláwù ti kó ọwọ́ sẹ́yìn ní tirẹ̀, ó ń wo àwòrán kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ìtì igi wò kó tó rà á. Mo fà á lẹ́wù. N kò mọ ohun tó rí lójú mi, ó bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan orí mi.

“Àbẹ̀kẹ́, ìwọ náà wò ó dáadáa. Ṣé o rí igi kankan níbẹ̀?”

“Mi ò rí i, Bàbá.”

“Kò sí igi, kò sí ẹni tó ń se ẹ̀kọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe níbẹ̀?”

Ara mi balẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí, ara mi ṣì ń balẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi láyé mi tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà tí kò jìnnà sí wa pòṣé.

“Wọ́n á máa já a fún ọ láti Ìkòyí-Ilé,” ó ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwa ọmọdé kò jẹ́ kí ìlú sinmi. A gbé igbá ògì Ìyá Àgbà dé orí bí fìlà òyìnbó òṣùpá, a ń fò díẹ̀ díẹ̀ kiri àgbàlá títí Ràfíátù fi fi igbá rẹ̀ gbá ògiri, tó fọ́ sí méjì, tí a tún kúnlẹ̀. A ṣa òkúta dúdú nínú odò, a sọ fún àwọn àbúrò wa pé a jí i nínú gíláàsì ni, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó mú máńgòrò wá. A jẹ máńgòrò ọdún náà kọjá ààlà. Bàbá Sàláwù kò sì dẹ́kun láti máa la igi lọ́jọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà kò dẹ́kun láti máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Mo ti padà sí Ọ̀yọ́, mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé Bàbá Sàláwù ti kú. Ọjọ́ Sátidé ni. Kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti sin ín. Ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà wọ sùtánà, a jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Nígbà tó yá, a bá ọ̀nà wa lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òṣùpá yọ roboto. Èmi àti Ràfíátù jókòó sórí ìtì igi tí kò rí ẹni là á, ojú wa ti wú. Ìyá Àgbà jáde wá bá wa, ó gbé ojú sókè, ó wo òkè títí.

“Ẹ wo Sàláwù,” ó ní. “Kò tiẹ̀ sinmi lọ́jọ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀.”

Ràfíátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń bá a wá. Ìyá Àgbà fi etí sùtánà nu ojú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú ìyá náà nìyẹn.

Ayé ti yí padà. Gáàsì ni mo fi ń dáná báyìí, bí ọjọ́ Ìsinmi bá sì dé, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ni mo ń gbọ́, kò sí ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láti bá a wí. Àwọn ọmọ kì í tẹ́ ẹní síta mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ rí òṣùpá, inú fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Láìpẹ́ yìí, mo ń fi òṣùpá han ọmọ ọmọ mi láti ojú fèrèsé, mo ń sọ ti ẹni tó ń la igi fún un, ó sáré mú fóònù wá. Àwọn àwòrán ọjọ́ náà ni, ilẹ̀ eléérú náà, ipa bàtà náà. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí.

“Ẹ wò ó, Màmá àgbà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.”

Mo ní mo mọ̀, mo ti rí àwòrán yẹn kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Mo ní nígbà tí wọ́n ń yà á, Bàbá Sàláwù kò tíì débẹ̀.